Ṣé èèyàn lè tún èèpo kátíríìjì kún nílé? Àti kátíríìjì tí ọ̀rinrin ti mú

Ọmọ Òwenà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àrìnpa o.

Ìbọn ẹlẹ́nu méjì, nọ́ńbà 12 (ìyẹn ìwọ̀n ìbú ihò ọ̀pá rẹ̀), ni mò ń béèrè lé lórí. Orúkọ bàbá wa ló wà lára láísẹ́ńsì rẹ̀, ọ̀yà tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni wọ́n ń fi lé lóko. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo ní.

Àkọ́kọ́, kátíríìjì ti wọ́n kọjá sísọ, èèpo èyí tí wọ́n ti yìn sì kún inú àpò. Mọ̀lẹ́bí wa kan ní Texas ń tún ọta ìbọn ìléwọ́ ṣe fúnra rẹ̀ nínú gáréèjì, ó ní owó tí òun ń ná ti dín kù gan-an. Ṣé irú rẹ̀ kò ṣeé ṣe l'Akúrẹ́ níbí?

Èkejì, páálí méjì wà tí páànù tó ń jò kán omi sí láti oṣù kẹfà. Ìdí bàbà àwọn kan ti ń hu nǹkan aláwọ̀ ewé. Ṣé ká sá wọn sóòrùn ni?

Ẹ̀kẹta, nígbà míì wọ́n á fa ìbọn, kò ní dún. Kí ló yẹ kéèyàn ṣe lójú ẹsẹ̀?

Ẹ ṣeun o.

---

Ẹ̀gbọ́n Ìjàpọ̀

Àbúrò, o káre tó o béèrè kó o tó dán an wò. Ti àkọ́kọ́ ni n ó dáhùn, àwọn tó mọ ti ìgbẹ́ jù mí lọ á dáhùn ìyókù.

Rárá ni. Òfin ìbọn tí wọ́n ṣe ní 1959, èyí tí wọ́n ń pè ní Firearms Act, kò fún aládàáni láyè láti ṣe ọta ìbọn nílé. Láísẹ́ńsì bàbá yín, àyè àtiní ìbọn ni, kò sọ wọ́n di ilé iṣẹ́ ọta. Ìbọn ìléwọ́ tí ará Texas yín sì ń sọ, inú àwọn tí òfin yẹn kà léèwọ̀ fún ará ìlú ló wà lọ́dọ̀ wa. Bí ọlọ́pàá bá wọlé bá ẹ̀rọ ìtẹ̀ àti agolo ẹ̀tù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, "ọ̀yà la fẹ́ fi pa" kò ní ràn ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé òfin sí ẹ̀gbẹ́ kan, torí àwọn kan á sọ pé kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n. Ohun tó wà nínú iṣẹ́ yẹn gan-an ló yẹ kó bà yín lẹ́rù.

Ọta ìbọn ìléwọ́ kan ní nǹkan mẹ́rin: èèpo bàbà, práímà (ìyẹn bàbà kékeré tó wà láàárín ìdí rẹ̀, tí abẹ́rẹ́ ìbọn ń gún), ẹ̀tù, àti òjé tó wà lórí. Bí wọ́n bá yìn ín, èèpo nìkan ló kù, ó sì ti fẹ̀ sí i. Ẹni tó ń tún un ṣe l'Amẹ́ríkà á kọ́kọ́ yẹ èèpo wò lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá ya lẹ́nu tàbí tó ní ìlà dídán yíká nítòsí ìdí, ó dànù. Á fọ̀ wọ́n, á tẹ̀ wọ́n padà sí ìwọ̀n, á yọ práímà àtijọ́, á tẹ tuntun wọlé kó má yọrí síta, á bu ẹ̀tù sí i, á fi òjé lé e, á sì tẹ ẹnu rẹ̀ pa. Lẹ́yìn náà ló máa wọn gígùn rẹ̀. Fún 9mm, ìyẹn irú ọta ìbọn ìléwọ́ kan tó wọ́pọ̀, èèpo kò gbọdọ̀ gùn ju 19.15 mm, odindi ọta kò gbọdọ̀ ju 29.69 mm. Bí òjé bá sì tún wọlé jù, àyè tí ẹ̀tù ní nínú á kéré, agbára rẹ̀ á sì ga kọjá ohun tí ìbọn lè gbà. Ẹ wò ó, mìlímítà kan péré lè dá wàhálà sílẹ̀.

Orí ẹ̀tù gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀tù inú 9mm kan kì í sábà ju gíréènì 4 sí 6 lọ. Gíráàmù kan jẹ́ gíréènì 15.4, nítorí náà ohun tí à ń sọ kò tó ìdajì gíráàmù. Òṣùwọ̀n inú ilé ìdáná tó ń ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan kò lè rí i rárá. Èyí tí wọ́n ń lò ń ka ìdámẹ́wàá gíréènì, wọ́n sì ní irin kékeré tí wọ́n mọ ìwúwo rẹ̀ tí wọ́n fi ń dán an wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó wá burú níbẹ̀: èèpo 9mm gba ìlọ́po méjì ẹ̀tù yẹn láì kún àkúnwọ́sílẹ̀. Bí fóònù bá dún, tí ẹni náà dáhùn, tó padà wá bu ẹ̀tù sínú èyí tó ti bù sí tẹ́lẹ̀, kò ní yọjú síta kó lè mọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń to àádọ́ta èèpo sórí pákó oníhò, tí wọ́n á tan tọ́ọ̀ṣì sínú gbogbo wọn kí òjé kan ṣoṣo tó bọ́ sí i. Èyí tí ẹ̀tù inú rẹ̀ bá ga ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tàbí tó ṣófo, á hàn.

Àwọn òfin míì tí wọn kì í bá eré ṣe: irú ẹ̀tù kan ṣoṣo lórí tábìlì lẹ́ẹ̀kan, ìyókù á wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ̀tù kò gbọdọ̀ kúrò nínú agolo tí wọ́n tà á sí, torí ojú kò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ọ̀kan àti èkejì, práímà kì í kúrò nínú páálí tó bá wá, nítorí bí èèyàn bá dà á jọ sínú ìgò, bí ọ̀kan bá gbiná, gbogbo rẹ̀ ló máa tẹ̀lé e. Ìwé ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀tù náà tẹ̀ jáde ni wọ́n ń tẹ̀lé, ìwọ̀n tó kéré jù níbẹ̀ ni wọ́n sì ń fi bẹ̀rẹ̀. Kò sí "ó jọ ọ́".

Ẹ fi èyí wé. Afẹ́fẹ́ táyà ọkọ̀ kékeré jẹ́ nǹkan bíi psi 32 (psi ni wọ́n fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tì tó). Kátíríìjì nọ́ńbà 12 tó jẹ́ ínṣì 2¾, òkè agbára tí wọ́n fi àyè gbà fún un ni psi 11,500. Ti 9mm, psi 35,000. Ojú ẹni tó ń yìn ín kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan sí ibi tí agbára yẹn ti ń jáde.

Ti kátíríìjì ọdẹ, ewu míì tún wà tí ti ọta ìbọn ìléwọ́ kò ní. Ẹ̀tù dúdú tí ọdẹ ilé wa mọ̀, nǹkan bíi gíréènì 82 ni wọ́n ń fi sí kátíríìjì 12 láyé àtijọ́. Ẹ̀tù aláìléèéfín tí wọ́n ń lò nínú ti òde òní, nǹkan bíi 18 sí 25 ló tó iṣẹ́ kan náà. Ẹni tó bá fi ìdérí kan náà wọn àwọn méjèèjì, ó ti di bọ́ǹbù sọ́wọ́ ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ta ló lè dá a mọ̀ lójú bí wọ́n bá dì í sínú ọ̀rá?

Ẹ da èèpo yẹn nù. Tàbí kí àwọn ọmọdé má rí i fi ṣeré, torí bí wọ́n bá kó tòfo mọ́ ti gidi lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ kan, wọn ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀.

---

Olóko Ìdànrè

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti àkọ́kọ́ tán. Èmi ní èkejì.

Ẹ má sá kátíríìjì sóòrùn. Ẹ má yan án, ẹ má gbé e sórí sítóòfù, ẹ má fi sí ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀. Oòrùn ò lè gba omi tó ti wọ inú kátíríìjì jáde, ohun tó máa ṣe ni pé á ba ẹ̀tù jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ ò sì ní rí i láti ìta.

Ẹ tú gbogbo rẹ̀ sórí aṣọ funfun, ẹ yẹ wọ́n wò bí ẹní ń ṣa ẹ̀wà. Ohun tí ẹ ń wá nìyí.

Ibi ìdí bàbà: nǹkan aláwọ̀ ewé orí rẹ̀ tí aṣọ gbígbẹ bá nù kúrò, tí bàbà sì tún dán lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn ṣì dáa. Ṣùgbọ́n bí aláwọ̀ ewé yẹn bá ti yí práímà ká, tàbí tí bàbà náà ti jẹ gúlegùle, ẹ yà á sọ́tọ̀. Ara ike rẹ̀: ẹ fọwọ́ yí i. Bó bá wú, bó bá ní ìlà yíya, tàbí tí orí tí wọ́n ká pa ti ń ṣí bí òdòdó, ó ti bàjẹ́. Àwọn ti àtijọ́ tí wọ́n fi páálí ṣe burú jù, torí páálí máa ń mu omi, á sì wú débi pé kò ní wọ inú ìbọn mọ́. Ẹni tó bá fi agbára tì í wọlé lè máà rí i yọ.

Ìdánwò kan wà tó rọrùn: ẹ ṣí ìbọn tó ṣófo, kí ọ̀pá rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀, ẹ ju kátíríìjì náà sí i. Ó yẹ kó bọ́ sílé fúnra rẹ̀, kó sì tún jáde fúnra rẹ̀ bí ẹ bá gbé ẹnu ìbọn sókè. Ìbọn á wà ní ṣíṣí títí tẹ́ ẹ fi parí, ẹ kò sì gbọdọ̀ ṣe èyí nínú ilé tí èèyàn wà.

Bí práímà bá ti mu omi, ẹ kò lè mọ̀ lójú. Nítorí náà gbogbo èyí tí omi kán sí tààrà, kódà bó dán, èmi kò ní fọkàn tán an fún ìgbẹ́. Owó rẹ̀ dùn mí bó ṣe dun yín. Ṣùgbọ́n kátíríìjì tó yìn ní àbọ̀ burú ju èyí tí kò yìn rárá lọ. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á ṣàlàyé rẹ̀.

Títọ́jú àwọn tó kù: ike ọlọ́mọrí tó ní rọ́bà létí, irú èyí tó ń dì pinpin tí wọ́n ń kó oúnjẹ sí. Ẹ fi sílíkà sí i, àwọn àpò wẹ́wẹ́ tó máa ń wà nínú páálí bàtà àti báàgì. Mẹ́rin sí mẹ́fà tó fún páálí kan. Sílíkà náà máa ń kún, bí ẹ bá rí irú èyí tó máa ń yí láti búlúù sí pínǹkì, ẹ̀yin náà á mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má fi iyọ̀ dípò o, mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ máa ń jẹ bàbà.

Ibi tí ẹ máa gbé e sí: nísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù tí ó ní kọ́kọ́rọ́, nínú yàrá tí kì í gbóná. Kì í ṣe òkè àjà lábẹ́ páànù, oòrùn ọ̀sán oṣù kejì á sọ ibẹ̀ di ààrò. Kì í ṣe búùtù ọkọ̀. Kì í ṣe orí ilẹ̀ símẹ́ńtì lásán, torí símẹ́ńtì ń rọ omi lóru ìgbà òjò. Ẹ gbé pákó sí abẹ́ rẹ̀. Ìbọn ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, kátíríìjì ní tirẹ̀, kọ́kọ́rọ́ méjèèjì kì í sì í gbé ojú kan.

Ẹ kọ oṣù àti ọdún tí ẹ rà á sí ara páálí. Ti àtijọ́ ni kó kọ́kọ́ lọ.

Ohun kan tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: òróró. Ẹni tó bá fi òróró ẹ̀rọ pa ìbọn rẹ̀, kó nù ún gbẹ kó tó ki kátíríìjì bọ̀ ọ́. Àwọn òróró tí wọ́n ń fọ́n láti inú agolo máa ń wọ inú práímà láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì pa á. Kátíríìjì tuntun, tó dán, tí kò wá dún, òróró ni ó máa ń jẹ́ nígbà púpọ̀.

---

Ayìnbọn Ìjù

Àrìnpa o, gbogbo ilé.

Ìbọn tí wọ́n fà tí kò dún. Ọ̀nà mẹ́ta ló ń gbà ṣẹlẹ̀, ẹ má pa wọ́n pọ̀.

Ọ̀kan: kò dún rárá, "kẹ́" péré. Ẹ má ṣí i. Ẹ má yí i wo ojú. Ẹnu ìbọn á wà níbi tó dojú kọ, ìyẹn ilẹ̀ tàbí igbó tí kò séèyàn, kí ẹ ka ogójì, ẹ kà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá 30 ni ó kéré jù. Ìdí ni pé práímà lè mú iná lójú kan tí kò kọ́kọ́ tó ẹ̀tù, kó wá jó dé ibẹ̀ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Bí ẹ bá ti ṣí ìbọn nígbà náà, èèpo yẹn á bú nínú afẹ́fẹ́, ìdí bàbà rẹ̀ á fò padà sí ojú ẹni tó ṣí i. Lẹ́yìn tí ẹ bá kà tán, ẹ yí ojú kúrò nídìí ìbọn, ẹ ṣí i, ẹ yọ ọ́.

Ẹ wá wo práímà rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀. Bí ojú abẹ́rẹ́ bá jìn dáadáa, kátíríìjì ló ní àbùkù. Bó bá jẹ́ pé ó kàn họ ọ́ díẹ̀, ìbọn ni: sípíríìngì ti rẹ̀, tàbí ìdọ̀tí àti òróró tó ti dì ló há abẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀. Bí kò bá sí àpá kankan, ẹ wo séfítì kí ẹ tó wo ohun míì. Ó lè jẹ́ pé ẹ ò tì í síwájú ni. Bí kì í bá ṣe séfítì, abẹ́rẹ́ ti ṣẹ́. Kò sí àtúnfà: kátíríìjì tó bá ti kọ̀ lẹ́ẹ̀kan ti bọ́ sí àwo àwọn tí a yà sọ́tọ̀.

Ìbọn ẹlẹ́nu méjì lẹ ní. Bí apá ọ̀tún bá kọ̀, apá òsì ṣì wà nínú, ó sì ṣe tán. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ẹ máa ń ṣí méjèèjì. Èyí ni ohun tí èèyàn ń gbàgbé nígbà tí ọkàn bá ti lọ sí ibi tí kò dún.

Èkejì: ó dún, ṣùgbọ́n ó falẹ̀, "kẹ́... gbòà". Ẹ má ṣe tún lo kátíríìjì inú páálí yẹn mọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀tù tàbí práímà rẹ̀ ti mu ọ̀rinrin.

Ẹ̀kẹta ló ń pa ìbọn, ó sì ń pa èèyàn. Ó dún "fúù" dípò "gbòà". Kò ti èjìká yín bó ṣe máa ń ti i. Èéfín ń jáde lẹ́nu, nígbà míì ẹ ó rí ẹ̀tù tí kò jó tó ń dà jáde bí ìyẹ̀fun. Ẹ dúró. Ẹ dúró síbẹ̀ pátápátá, bí ọ̀yà bá dúró níwájú yín tó ń jẹ koríko, ẹ jẹ́ kó jẹun. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé agbára kò tó láti ti wáàdì jáde, ìyẹn ike tó pín ẹ̀tù àti ọta wẹ́wẹ́ níyà. Ó ti dúró sínú ọ̀pá ìbọn, níbi kan. Bí ẹ bá ki òmíràn tí ẹ sì fà á, agbára tó ń bọ̀ lẹ́yìn á bá ohun tó dí ọ̀nà, ọ̀pá á wú níbẹ̀ bí ejò tó gbé ọ̀pọ̀lọ́ mì, tàbí kó ya gbáà. Ọwọ́ òsì tí ẹ fi gbé e mú wà lórí ibẹ̀ gan-an.

Ẹ ṣí ìbọn, ẹ yọ méjèèjì, ẹ wo ọ̀pá láti ìdí lọ sí ẹnu. Ìdí ni ẹ ti ń wò ó o, kì í ṣe ẹnu. Bó bá jẹ́ alẹ́, ẹ fi bébà funfun sí ẹnu, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i: yíyíká tí ẹ máa rí gbọ́dọ̀ mọ́ bí òṣùpá àrànmọ́jú. Bó bá ní àwọsánmọ̀ nínú, nǹkan ń bẹ níbẹ̀. Ọ̀pá igi gbọọrọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ọ̀pá ìbọn ni ẹ fi máa tì í jáde, ẹ fi díẹ̀díẹ̀ gbá a. Bí kò bá lọ, ẹ má fi irin gún un. Ẹ pa á tì.

Ohun tó ń dí ọ̀pá láìjẹ́ pé kátíríìjì ló fa ọ̀rọ̀ pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Amọ̀ tí ẹnu ìbọn gún bọ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ yọ̀ létí odò. Ewé tó wọ inú rẹ̀. Èyí tó jẹ́ ti wa gan-an ni kòkòrò tó ń fi amọ̀ kọ́lé sínú ihò: ìbọn tí wọ́n fi kọ́ ògiri fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kòkòrò ti mọ ilé sí i lẹ́nu, ó ti kó aláǹtakùn sínú ẹ̀, ó ti yé ẹyin. Ẹni tó bá gbé e ní òru kò ní rí i. Ẹ wo ojú ọ̀pá kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ wò ó lẹ́yìn ìṣubú, ẹ wò ó lẹ́yìn odò. Bí ẹ bá fẹ́ rékọjá omi, ẹ yọ kátíríìjì, ẹ ṣí ìbọn, kí ẹ tó ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

---

Ọmọ Òwenà

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. A ti ṣa wọ́n. Nínú àádọ́ta, 31 ló mọ́, 19 la yà sọ́tọ̀.

Bàbá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ní láyé tiwọn, orí àjà ilé ìdáná ni ọdẹ ń gbé ẹ̀tù sí kí èéfín lè máa gbẹ ẹ́, kò sì ṣe nǹkan kan. Wọ́n tún ní ṣé a ò lè já àwọn 19 yẹn, ká lo ẹ̀tù inú wọn fún ṣakabùlà tó wà nílẹ̀ nígbà ọdún Ògún.

---

Ayìnbọn Ìjù

Ẹ bá mi kí bàbá gan-an. Ohun tí wọ́n sọ nípa àjà kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀tù dúdú inú àdó ni wọ́n ń sọ. Ó máa ń fa omi mọ́ra bí iyọ̀, bí kò bá gbẹ kò ní jó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé e síbi gbígbóná. Ẹ̀ta iná kan péré ló tó láti gbé gbogbo ilé ìdáná náà lọ. Àìmọye ilé ni kò ṣe nǹkan kan fún, èyí tó ṣe é fún kò sí níbẹ̀ mọ́ láti ròyìn.

Ti ìbéèrè kejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já a. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já a. Ẹ̀tù inú kátíríìjì òde òní kì í ṣe ẹ̀tù dúdú. Ẹ̀gbọ́n Ìjàpọ̀ ti sọ ọ́: gíréènì 20 rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ 80. Ọ̀pá ṣakabùlà, páìpù tí alágbẹ̀dẹ fi iná jó pọ̀ ni, kò sẹ́ni tó dán an wò fún agbára bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n tí bàbá mọ̀ nínú àtẹ́lẹwọ́ wọn, tí wọ́n fi ń bu ẹ̀tù dúdú láti ìgbà èwe, òun gan-an ló máa fọ́ ọ̀pá náà.

Níwọ̀n bí ẹ ti dárúkọ ṣakabùlà, ohun mẹ́ta. Ẹ fi ọ̀pá ìkì sínú rẹ̀ nígbà tó ṣófo, kí ẹ fi fáìlì sàmì sí ibi tó bá ẹnu ìbọn dọ́gba. Nígbàkígbà tí ẹ bá ki ọ̀pá bọ̀ ọ́ tí àmì yẹn dúró sókè ẹnu, nǹkan wà nínú rẹ̀, bí ọdún mẹ́ta ti kọjá tí ẹnikẹ́ni kò sì rántí ẹni tó kì í. Èkejì, òkúta tàbí òjé tí ẹ bá kì gbọ́dọ̀ jókòó lé ẹ̀tù mọ́lẹ̀ gbágbá. Bí àyè bá wà láàárín wọn, ọ̀pá á wú. Ẹ̀kẹta, ẹ má bu ẹ̀tù láti inú àdó tààrà sínú ọ̀pá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn. Ẹ̀yinná lè wà nísàlẹ̀, iná á gun ẹ̀tù padà wọ inú àdó lọ́wọ́ yín. Ẹ dúró ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ bu ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan sínú igbá kékeré, kí ẹ sì ti àdó pa kí ẹ tó dà á. Bí kò bá dún nígbà tí ẹ fà á, ìṣẹ́jú méjì náà ni, kì í ṣe ogójì àáyá.

Lọ́jọ́ ọdún pàápàá. Ìgbà tí wọ́n bá ń yìn ín sókè fún àyẹ́sí ni wọ́n máa ń bù ú ní ìlọ́po kí ariwo lè pọ̀.

---

Olóko Ìdànrè

Àwọn 19 yẹn: ẹ kó wọn sínú ìgò tàbí ike kan, ẹ kọ "OMI TI KÀN Á" sí i lára, kí bàbá fi láísẹ́ńsì wọn kó o lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó wà lágbègbè yín, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ pé wọ́n gbà á. Ẹ má jù ú sínú iná ìdọ̀tí. Kì í ṣe pé yóò yìn bí ìgbà tó wà nínú ìbọn o, kò sí ọ̀pá tó máa dì í mú, ṣùgbọ́n èèpo á bú, ìdí bàbà àti práímà á fò bí òkúta kànnàkànnà, ojú ni ó sì máa ń wá. Ẹ má jù ú sí ṣáláńgá, ẹ má sin ín sóko. Ọmọ tó máa hú u kò tíì dé ayé.

---

Ẹ̀gbọ́n Ìjàpọ̀

Ó ku ohun kan tí a kò tíì sọ, ó sì ti pa ìbọn nọ́ńbà 12 púpọ̀. Ṣé nọ́ńbà 12 nìkan ló wà nínú ike yẹn, Ọmọ Òwenà?

---

Ọmọ Òwenà

Mẹ́ta wà lẹ́yìn àádọ́ta yẹn tó jẹ́ yẹ́lò, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa tó ti darí lọ ló ni wọ́n. Ní ìdí wọn, 20 ni wọ́n kọ.

---

Ẹ̀gbọ́n Ìjàpọ̀

Ohun tí mo rò nìyẹn. Ẹ yọ wọ́n kúrò lónìí, kí ó di 22 tó ń lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Nọ́ńbà 20 tẹ́ẹ́rẹ́ ju 12 lọ: ọ̀pá 12 jẹ́ nǹkan bíi 18.5 mm nínú, ti 20 jẹ́ nǹkan bíi 15.6. Bí ẹni tó ń yára lóru bá ki 20 sínú ìbọn 12, kò ní dúró nídìí, á yọ̀ wọlé lọ há síwájú ibi tí ọ̀nà ti fún. Ó fà á, kò dún. Ó ṣí i, ó rí i pé ihò ṣófo, ó rò pé òun gbàgbé láti kì í. Ó ki 12 sẹ́yìn rẹ̀, ó fà á. Kátíríìjì méjì ló bú nínú ọ̀pá kan. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe 20 fi ń ṣe é ní yẹ́lò, kó lè hàn lójú. Lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì orí tó ti ń kú, yẹ́lò àti funfun jọ ara wọn.

Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ àwọn 31 yẹn. Bí wọ́n bá kọ 70 mm tàbí 2¾ sí i, ó dáa fún ọ̀pọ̀ ìbọn 12. Bó bá jẹ́ 76 mm tàbí 3, ẹ kọ́kọ́ wo abẹ́ ọ̀pá ìbọn yín nígbà tí ẹ bá ṣí i, wọ́n máa ń tẹ 12-70 tàbí 12-76 sí i. Èyí tó ń dani láàmú ni pé 76 á wọ inú ìbọn 70 láì há, ẹ ó sì pa á dé. Nọ́ńbà yẹn, gígùn rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá yìn ín tí orí rẹ̀ ṣí ni. Nígbà tó ṣì wà ní kíká, ó kúrú. Inú ibi tó fún ni orí rẹ̀ ti máa ṣí, kò ní rí àyè ṣí tán, agbára á gòkè.

---

Ọmọ Òwenà

12-70 ló wà lábẹ́ rẹ̀. Nínú àwọn 31, márùn-ún jẹ́ 76. Ó ku 26.